Òṣèlú inú ilé Jámánì àti ààrẹ Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kánsẹ́lọ̀ Jámánì, ìyẹn olórí ìjọba wọn, lè rẹ́rìn-ín nínú White House lónìí, kó sì sọ̀rọ̀ líle sí Amẹ́ríkà ní Berlin lọ́la. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí ìwà ojú méjì, àmọ́ èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ohùn Jámánì fi ń yí padà, kó kọ́kọ́ wo inú ilé wọn: ta ló bá Kánsẹ́lọ̀ ṣe ìjọba, ìdìbò wo ló ń bọ̀, kí ni ilé ẹjọ́ sọ, ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀? Ìwà ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe pàtàkì o, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí Kánsẹ́lọ̀ ò lè dá ìpinnu ṣe bíi ti ààrẹ Amẹ́ríkà?

Aráàlú kọ́ ló ń dìbò yan Kánsẹ́lọ̀ ní tààrà. Àwọn aṣòfin ní Bundestag, ilé aṣòfin àpapọ̀ Jámánì, ló ń yàn án, àwọn náà ló sì lè yọ ọ́, bí wọ́n bá ti fẹnu kò sórí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Láti ọdún 1949, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹgbẹ́ òṣèlú CDU àti CSU tó jẹ́ ìkejì rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Bavaria gba ju ìdajì ìbò lọ, ìyẹn ní 1957 lábẹ́ Kánsẹ́lọ̀ Konrad Adenauer. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ẹni tó ń rí ìdajì gbà, ńṣe ni wọ́n máa ń para pọ̀ ṣe ìjọba. Àwọn tó bá rántí ìgbà Tafawa Balewa, nígbà tí NPC àti NCNC jọ wà nínú ìjọba kan náà, mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí: alábàáṣe kékeré lè dá gbogbo nǹkan dúró.

Ohun kan tún wà tí àwọn àjèjì kì í kíyè sí. Láti 1966 títí di 2025, ọwọ́ ẹgbẹ́ kékeré inú ìjọba ni ipò mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń wà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń bá Washington sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò bá Kánsẹ́lọ̀ du ìbò lọ́dún tó ń bọ̀. Johann Wadephul, tó gba ipò náà lábẹ́ Kánsẹ́lọ̀ Friedrich Merz ní May 2025, ni ọmọ ẹgbẹ́ CDU àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ láti 1966.

Bí ààrẹ Amẹ́ríkà bá ní kí Jámánì kó ọmọ ogun wá ńkọ́?

Bundestag ló ní àṣẹ. Nígbà ogun Gulf ní 1991, Kánsẹ́lọ̀ Helmut Kohl ti CDU ò kó ọmọ ogun lọ jà, owó ni Jámánì san, bíi bílíọ̀nù 17 owó mark. Ní July 12, 1994, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní Karlsruhe dájọ́ pé ọmọ ogun Jámánì lè lọ sójú ogun lókè òkun, àmọ́ àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò sí i.

Gerhard Schröder, tó di Kánsẹ́lọ̀ lẹ́yìn Kohl, mọ bí èyí ṣe rí lára. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, ó ṣèlérí pé Jámánì yóò dúró ti Amẹ́ríkà láìní òdiwọ̀n. Nígbà tí àkókò tó láti kó ọmọ ogun lọ ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ SPD àti nínú ẹgbẹ́ Grüne, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba, ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i. Schröder so ìbò náà mọ́ ipò ara rẹ̀: ẹni tó bá kọ̀, ó ti lé òun kúrò nìyẹn. Ní November 16, 2001, ó rí ìbò 336 gbà, bẹ́ẹ̀ 334 ló nílò. Ìbò méjì péré ló yọ ọ́.

Ṣé ààrẹ Amẹ́ríkà lè fa ìṣubú Kánsẹ́lọ̀?

Kò lè yọ ọ́, àmọ́ ó lè ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ yọ ọ́. Ẹ wo Kánsẹ́lọ̀ Ludwig Erhard. Ní September 1966, ó lọ bá ààrẹ Lyndon Johnson ní Washington pé kó bá òun dín owó tí Jámánì ń san nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ wọn kù. Ogun Vietnam ń jẹ owó Johnson lọ́wọ́, kò gbà. Erhard padà sílé lọ́wọ́ òfo, àlàfo inú ètò ìṣúná sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí owó orí tí wọ́n fẹ́ fi kún un, ẹgbẹ́ FDP jáde kúrò nínú ìjọba lóṣù October. Kí ọdún tó parí, Erhard ti lọ. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ìdí láti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Johnson kàn fún wọn ní ọ̀kan ni.

Ti Kánsẹ́lọ̀ Helmut Schmidt ti SPD ló dùn mí jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló pe àkíyèsí sí ewu náà. Ní London, lóṣù October 1977, ó kìlọ̀ pé àwọn ohun ìjà tí Soviet ń tò dojú kọ Yúróòpù ti pọ̀ ju ohun tí Ìwọ̀ Oòrùn ní lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ààrẹ Jimmy Carter fẹ́ ṣe bọ́ǹbù neutron, ó sì fẹ́ kí Jámánì sọ ní gbangba pé òun yóò gbà á sílẹ̀ òun. Schmidt lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Egon Bahr, tó jẹ́ àgbà nínú SPD, ti sọ fáyé pé bọ́ǹbù tó ń pa èèyàn tó sì ń dá ilé sí jẹ́ ìdàrú èrò. Schmidt rọ̀ wọ́n, ó ná gbogbo iyì tó ní, ìgbà tó sì di April 1978, Carter ní òun ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Schmidt ò dárí jì í. Nínú òṣèlú Jámánì, iyì tí o ná láàárín ẹgbẹ́ rẹ ṣòro láti rí padà, Carter ò sì dà bí ẹni tó mọ iye tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ san.

Ní December 1979, NATO, àjọ ológun Ìwọ̀ Oòrùn, pinnu pé bí Soviet ò bá dín ohun ìjà wọn kù, mísáìlì Amẹ́ríkà tuntun yóò wọ Yúróòpù. Ronald Reagan dé ní 1981, ohùn rẹ̀ le, ẹ̀rù sì ba àwọn ọ̀dọ́ Jámánì. Ní October 10, 1981, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló wọ́de ní Bonn, àwọn aṣòfin SPD sì wà láàárín wọn. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń sá kúrò lẹ́yìn Schmidt nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ajé ni FDP fi ṣe àwáwí nígbà tó fi ìjọba sílẹ̀ ní September 1982, àmọ́ Kánsẹ́lọ̀ tó dá wà nínú ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. October 1 ni Kohl gba ipò. Nígbà tí SPD ṣe ìpàdé ní Cologne lóṣù November 1983, díẹ̀ ló kù tó dìbò pẹ̀lú Schmidt nínú nǹkan bí 400 aṣojú. Ní November 22, Bundestag gba mísáìlì náà wọlé pẹ̀lú ìbò 286 sí 226.

Ṣé Kohl jèrè nínú rẹ̀?

Ó jèrè, ó sì tún fa wàhálà wá. Reagan mọ̀ pé Kohl ló dúró gbọn-in lórí mísáìlì. Nígbà tí Kohl ní kí ó wá bá òun fi òdòdó sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Bitburg ní May 5, 1985, kò lè kọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣírí ti tú pé sàréè àwọn ọmọ ogun SS, ẹgbẹ́ ológun Hitler tó pa àwọn Júù, wà níbẹ̀. Elie Wiesel, òǹkọ̀wé Júù tó yè bọ́ nínú àgọ́ ikú Hitler, bẹ̀ ẹ́ ní ojú gbogbo ayé nínú White House pé kó má lọ. Ó lọ, lẹ́yìn tó kọ́kọ́ dé Bergen-Belsen, tó jẹ́ àgọ́ ìfìyàjẹni Hitler tẹ́lẹ̀. Kohl ń wá bí ìran tó ja ogun Hitler yóò ṣe gbà pé wọ́n ti di ara ẹbí àwọn orílẹ̀-èdè olómìnira. Lójú tèmi, ọgbẹ́ àwọn tí SS pa ẹbí wọn ló fi san owó ìgbéga yẹn, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, CDU fìdí rẹmi nínú ìdìbò ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia.

Ṣé òótọ́ ni pé ogun Iraq ló gbé Schröder wọlé ní 2002?

Ọ̀kan nínú ohun méjì ni. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Edmund Stoiber ti CSU ló ń ṣíwájú, nǹkan bí mílíọ̀nù 4 èèyàn ni kò níṣẹ́, Schröder ò sì rí ọ̀rọ̀ gidi sọ. Lóṣù August ni ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní Hannover, tó ní Jámánì ò ní bá George W. Bush lọ sínú ìrìn ewu. Lóṣù kan náà, odò Elbe kún àkúnya, Schröder wọ bàtà òjò, ó sì lọ bá àwọn èèyàn níbi omi. Ní September 22, SPD àti CDU/CSU gba ìdá 38.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 6,000 ìbò ni SPD fi ṣíwájú ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìbò ni ìròyìn jáde pé mínísítà ètò ìdájọ́, Herta Däubler-Gmelin, fi ọgbọ́n tí Bush ń dá wé ti Hitler. Ó ní wọ́n ṣi òun gbọ́, àmọ́ kò sí nínú ìjọba tó tẹ̀ lé e. Bush ò pe Schröder láti kí i kú oríire.

Schröder tún gbìyànjú ọgbọ́n yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní January 2003, ní ìlú Goslar, níbi ìpolongo ìbò ìpínlẹ̀ Lower Saxony, ó ní kí ẹnikẹ́ni má retí pé Jámánì yóò fọwọ́ sí ìpinnu UN tó bá fún ogun láṣẹ. Ìyẹn le ju ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ, orí pèpéle ìpolongo ló sì ti sọ ọ́. Ní February 2, SPD pàdánù ìpínlẹ̀ náà. Àwọn olùdìbò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Iraq tán, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní gbogbo àkókò yẹn, Jámánì ò ti ojú òfuurufú mọ́ Amẹ́ríkà, ọmọ ogun Jámánì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bárékè Amẹ́ríkà kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè ráyè lọ sí Iraq. Ní 2006, ó tún hàn pé àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì kan wà ní Baghdad nígbà ogun, tí wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà. Ohùn líle yẹn, etí àwọn tó fẹ́ dìbò nílé ni wọ́n fi rán sí. Ẹni tó bá ń ka àjọṣe Jámánì àti Amẹ́ríkà, kó máa wo ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ, kò ní pẹ́ tí yóò rí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì.

Angela Merkel, tó jẹ́ olórí alátakò nígbà náà, kọ̀wé sínú Washington Post ní February 2003 pé Schröder kò sọ̀rọ̀ fún gbogbo ará Jámánì. Wọ́n fi gún un lára nílé fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó di Kánsẹ́lọ̀, agbègbè ìdìbò ara rẹ̀ ló mú Bush lọ ní July 2006, sí abúlé Trinwillershagen, wọ́n sì jọ jẹ ẹran ìmàdò sísun.

Àwọn ará Jámánì fẹ́ràn Obama. Kí ló wá ba nǹkan jẹ́?

Nǹkan bí 200,000 èèyàn ló wá gbọ́ ọ ní Berlin ní July 2008, kó tó di ààrẹ pàápàá. Ìfẹ́ aráàlú kì í ṣe òṣèlú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Lákọ̀ọ́kọ́, Libya. Ní March 17, 2011, ìgbìmọ̀ ààbò UN dìbò lórí bóyá kí wọ́n fi agbára ológun dáàbò bo aráàlú Libya. Nàìjíríà, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn, dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Jámánì bá Rọ́ṣíà, China, India àti Brazil dákẹ́, wọn ò dìbò sí apá kankan. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí wọ́n dìbò ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, ogun ò sì lè ta ọjà níbẹ̀. CDU ṣì pàdánù ìpínlẹ̀ tó ti dì mú fún ọdún 58, nítorí ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukushima ní Japan ti dẹ́rù ba gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fóònù. Ní October 2013, ìròyìn jáde pé NSA, àjọ ọtẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ń gbọ́ ìpè Merkel. Àárín ìjíròrò láti dá ìjọba tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú SPD ló wà. Ìlà Oòrùn Jámánì ló dàgbà sí, níbi tí Stasi, ọlọ́pàá ọtẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀, ti ń tẹ́tí sí aráàlú, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó lè gún àwọn ará Jámánì lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Merkel ní kí ọ̀rẹ́ máa ṣọ́ ọ̀rẹ́, kò ṣeé ṣe rárá. Bundestag gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 2014, wọ́n sì ní kí olórí CIA ní Berlin máa lọ sílé rẹ̀ lóṣù July. Àmọ́ ìwádìí yẹn kan náà ló tú àṣírí pé ọtẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì náà ń ṣọ́ àwọn ọ̀rẹ́ tiwọn. Láti ìgbà yẹn ni ohùn ìjọba ti rẹlẹ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ Nord Stream 2 ní í ṣe pẹ̀lú òṣèlú ìpínlẹ̀?

Ó ní í ṣe púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Mecklenburg-Vorpommern ni páìpù gáàsì láti Rọ́ṣíà ti jáde sí etíkun. Ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ ti wọ́n ni, Manuela Schwesig ti SPD ló sì ń darí rẹ̀. Donald Trump bá páìpù yìí jà, Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà sì fi òfin ìjìyà lé e ní December 2019. Ní August 2020, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà mẹ́ta kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí àwọn tó ń bójú tó èbúté Sassnitz ní erékùṣù Rügen, nínú agbègbè ìdìbò Merkel. Àwọn tí kò fẹ́ràn páìpù náà pàápàá bínú sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ní January 2021, ìjọba Schwesig dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ ààbò àyíká, kí iṣẹ́ lè parí lábẹ́ rẹ̀, owó Nord Stream 2 ló sì pọ̀ jù nínú àpò rẹ̀. Lóṣù September, SPD jáwé olúborí níbẹ̀. February 22, 2022, ọjọ́ méjì ṣáájú ìkọlù Ukraine, ni Kánsẹ́lọ̀ Olaf Scholz tó dá ìwé àṣẹ páìpù dúró. Mo gbà pé Washington tọ̀nà lórí ewu Rọ́ṣíà, wọ́n sì gba ọ̀nà tó le jù láti sọ ọ́.

Kí ló dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí Jámánì tó ná owó lórí ológun, bí Trump ṣe ń pariwo?

Obama náà pariwo. Ní 2014, NATO fẹnu kò lórí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ ajé. Nínú ìpolongo 2017, SPD fi ìdá 2 yìí bá Merkel jà, wọ́n ní Trump ni Merkel ń tẹ̀ lé. Ṣé ẹ rí i? Bí Trump ṣe ń béèrè sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń di èèwọ̀ fún SPD láti gbà.

Èyí tó tóbi jù ni òfin ìdíwọ́ gbèsè tí wọ́n kọ sínú òfin ìpìlẹ̀ ní 2009, tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ yá ju ìdá 0.35 ọrọ̀ ajé lọ lọ́dún bí kò bá sí ìṣòro pàjáwìrì. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, Scholz rí bílíọ̀nù 100 yúrò yà sọ́tọ̀ fún ológun. Àmọ́ ní November 2023, ilé ẹjọ́ Karlsruhe fagi lé bílíọ̀nù 60 nínú ètò ìṣúná mìíràn, ìjọba ẹgbẹ́ mẹ́ta náà ò sì gbádùn mọ́. Ọjọ́ kan náà tí ayé jí gbọ́ pé Trump ti wọlé padà, November 6, 2024, ni Scholz lé mínísítà ètò ìṣúná rẹ̀, Christian Lindner, lálẹ́. Ìjọba tú ká.

Merz ṣe ìpolongo pé òun ò ní fọwọ́ kan òfin gbèsè náà. Ó wọlé ní February 23, 2025. Lálẹ́ ìbò, ó ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ di alágbára débi tí yóò fi gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Trump bá Zelensky jà níwájú kámẹ́rà. Nínú Bundestag tuntun, AfD ti apá ọ̀tún àti Linke ti apá òsì lè dínà àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀, nítorí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló nílò. Merz bá pe Bundestag àtijọ́ padà, ní March 18 wọ́n yọ owó ológun tó bá ju ìdá 1 ọrọ̀ ajé lọ kúrò lábẹ́ òfin gbèsè, wọ́n sì fi bílíọ̀nù 500 yúrò kún un fún ojú irin, afárá àti ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ olùdìbò CDU ní ó tan àwọn jẹ. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú, àmọ́ èmi ò rí ọ̀nà mìíràn tó ṣì ṣí sílẹ̀ fún un lóṣù yẹn.

Ṣé Amẹ́ríkà ń dá sí òṣèlú Jámánì?

Ní 2025, ní gbangba ni. Elon Musk, tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba Trump, bá Alice Weidel, olórí kan nínú AfD, sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì X ní January 9, ó sì tún fara hàn lórí fídíò níbi ìpàdé ẹgbẹ́ náà ní Halle. Ní February 14, igbá kejì ààrẹ, JD Vance, dúró ní Munich, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìlà tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù fà pé àwọn ò ní bá AfD ṣe ìjọba. Ó rí Weidel, kò rí Scholz.

AfD gba ìdá 20.8, ìlọ́po méjì ti 2021. Àmọ́ àwọn ìwádìí èrò aráàlú ti ń fún wọn ní bíi 20 kí Vance tó dé, nítorí náà mi ò rò pé òun ló gbé wọn ga. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó mú kó ṣòro fún olóṣèlú Jámánì láti jẹ́ ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ní gbangba. Ní May 2, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo òfin ìpìlẹ̀ ka AfD sí ẹgbẹ́ alákatakítí apá ọ̀tún tó dájú, Marco Rubio, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ní ìwà ìfipámúni tó fara pamọ́ ni. Nígbà tí AfD gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá orúkọ náà dúró ná.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ńkọ́? Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn?

Àwọn ìlú tó yí bárékè ká ni. Nǹkan bí 35,000 ọmọ ogun ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Trump kéde ní 2020 pé òun yóò kó nǹkan bí 9,500 kúrò, àwọn olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Bavaria, Hesse, Baden-Württemberg àti Rhineland-Palatinate kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fúnra wọn. Ní Ramstein, níbi tí bárékè ńlá Amẹ́ríkà wà, iṣẹ́ àti owó ilé ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà: Stuttgart ni olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún Áfíríkà, AFRICOM, fìdí kalẹ̀ sí, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, ò fẹ́ kó wá sọ́dọ̀ wọn.

Báwo ni Merz ṣe wá ń bá Trump lò?

Ó ń fi sùúrù ṣe é. Ní June 5, 2025, ó mú ẹ̀dà ìwé ìbí Friedrich, bàbá bàbá Trump, tí wọ́n bí ní Kallstadt ní Jámánì ní 1869, lọ fún un. Lóṣù náà, ó gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé tí NATO fẹnu kò sí ní Hague, ìdá 3.5 fún ológun gan-an, kó pé ní 2035. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fẹnu kò lórí owó ibodè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù July, ó kọ́kọ́ gbà á nítorí àwọn tó ń ṣe mọ́tò, kó tó sọ pé yóò pa ọrọ̀ ajé lára.

Nílé, ipò rẹ̀ tinrín. Ìjọba tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti SPD jọ ń ṣe ní aṣòfin 328, bẹ́ẹ̀ 316 ló nílò. Ní May 6, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò láti yàn án, 310 péré ló rí, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí Kánsẹ́lọ̀ kankan rí, wọ́n tún un dì kó tó wọlé. Lóṣù June, Rolf Mützenich, Ralf Stegner àti àwọn mìíràn nínú SPD kọ̀wé pé kí wọ́n padà bá Rọ́ṣíà sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì gba mísáìlì Amẹ́ríkà tuntun, èyí tí Biden àti Scholz fọwọ́ sí ní July 2024, sílẹ̀ Jámánì. Ẹgbẹ́ tí Schmidt wà ní 1981 ni SPD yìí, ọ̀rọ̀ náà sì jọ ti ìgbà yẹn. Bí aṣòfin mẹ́tàlá bá kọ̀yìn sí Merz lọ́jọ́ ìbò, tí kò sì sí ẹni tó wá kún un láti ìta, kò ní iye tó tó mọ́.